Aṣọ Funfun Tí Mo Sá Síwájú Ṣọ́ọ̀bù

Ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n ka àwọn ohun tó ti bàjẹ́ nílé yìí fún ọ, kí n sì sọ ẹni tó mọ̀ nípa wọn, torí níbi tí mo ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ okòwò, wọ́n sọ fún wa pé ìṣòro tí a bá fi ìkíni ṣíwájú rẹ̀, ó máa ń jókòó jẹun kó tó dìde. Aṣọ funfun ibi iṣẹ́ rẹ tí o gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti fọ̀ ọ́. Ìwọ mọ̀ pé kò yẹ kó kúrò níbi iṣẹ́, èmi ò mọ̀. Pátákó tuntun tí mo gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù ń lé oníbàárà sá, gbogbo àdúgbò ló mọ ìdí ẹ̀ kí èmi tí mo ni pátákó tó mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ kì í gbé ife omi dáadáa mọ́, òun mọ̀, ó sì ń fi pamọ́ fún wa. Pẹ́pẹ́yẹ, ọmọ rẹ, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, inú ń run ún, kò fẹ́ jẹun. Gbogbo wa la mọ ìyẹn, aràn la sì ń pè é. Torí èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo ṣe kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀, ibi aṣọ yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó dáa, mo wá kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé o ń sùn, àbí àwọn kòkòrò ibi iṣẹ́ rẹ yẹn kì í jẹ́ kí o sùn? Olúwa kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń wá oúnjẹ di ọwọ́ tí yóò gbà á lẹ́nu rẹ. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò máa tutù fún ọ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń bá mi fọṣọ náà ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù rẹ ń bà wọ́n báyìí, màá sọ ìdí ẹ̀ fún ọ tí mo bá débẹ̀.

Ìgbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, tí ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà tí o sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, o fi báàgì kékeré kan sílẹ̀. Mo tú u wò, mo bá aṣọ funfun yẹn nínú ẹ̀, ó rún wómúwómú, eruku eérú-eérú sì wà ní etí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ mi, ìwọ náà mọ̀ mí. Alágbàfọ̀ kì í rí àbàwọ́n kó mójú kúrò, bí ìgbà tí èèyàn rí ọmọ tó ń sunkún ni. Mo kó o sínú abọ́ ìfọṣọ, mo fi ọṣẹ sí i, mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀ ọ́, mi ò gbé e fún ọmọ iṣẹ́ kankan. Omi àkọ́kọ́ jáde dúdú, nǹkan wúwo kan sì sùn sí ìsàlẹ̀ abọ́. Mo dà á nù, mo fi omi mìíràn sí i títí omi fi mọ́. Mo fi táàṣì sí i, mo lọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, aṣọ náà lè dá dúró fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Mo wá rò ó pé irú ìfọ̀ báyìí, kí la fẹ́ fi pamọ́ sí? Ìpolówó ọjà kọ́ nìyí? Mo fi ìkọ́ gbé e sókè síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, atẹ́gùn wọ inú ẹ̀, ó sì wú bí ẹni tó fa èémí, ó ń lọ ó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbé sókè ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́ kọjá, ó kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, ó sì dúró de ìdáhùn. Pẹ́pẹ́yẹ jáde wá, ó dúró sábẹ́ ẹ̀, ó di etí ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé ìwọ lo wà nínú aṣọ náà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n, ọmọ àti aṣọ, gbogbo àdúgbò funfun, ó dákẹ́, bí ìgbà tí ìkùukùu àárọ̀ kò tíì ká kúrò nílẹ̀.

Ti pátákó wá ńkọ́? Mo rí àmì kan lára aṣọ náà níbi àyà, àmì dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè, bí ìwo mẹ́ta tó kọjú síra wọn. Mo ní háà, ilé iṣẹ́ ọmọ mi mọ ètò, wọ́n ní àmì tí a fi ń dá wọn mọ̀. Mo pe ayàwòrán, mo ní kó yà á gàdàgbà sórí pátákó mi, lókè ibi tí a kọ ọ́ sí pé a ń fọṣọ, a ń lọ aṣọ. Ayàwòrán bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní àmì àwọn tó ń fọwọ́ látàárọ̀ dalẹ́ ni. Ó ní ó ga o. Ó yà á, ó sì lẹ́wà, mi ò ní parọ́.

Àfi bí ọjà ṣe kú. Tíṣà gbé ẹrù aṣọ rẹ̀ dé ojú títì, ó gbójú sókè, ó yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, kò sì padà wá mọ́. Nọ́ọ̀sì tó máa ń kó aṣọ funfun rẹ̀ wá fún wa dúró sí òdìkejì ọ̀nà, ó ń pariwo láti ibẹ̀ pé ta ló kú, pé àrùn wo ló wọlé wa. Mo dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó kú lọ́dọ̀ wa, áńkáṣíìfù kan péré kò tíì sọnù lọ́wọ́ wa rí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni mo ya àwòrán aṣọ àti pátákó, mo fi ránṣẹ́ sí ọ kí inú rẹ lè dùn, tí o sì fi ohùn ránṣẹ́ padà. Ọmọ mi, ìwà tí o hù nínú ohùn yẹn kò dára. Mo tẹ̀ ẹ́, o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo dá ọ lóhùn, o kò dúró. Mo ní kí o rọra, o tún ń sọ ọ́ lọ. Mo bi ọ́ léèrè pé ṣé èmi kọ́ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí o fi ń já lu ọ̀rọ̀ mi, o ní kí n wá náílọ̀n méjì. Ọmọ tó ń bá mi lọ aṣọ ló wá ṣàlàyé fún mi pé ohùn àná ni, pé ọmọ mi kò sí nínú fóònù. Mo sì ti bínú sí ọ tán. Kí o máa fi àyè sílẹ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ rẹ fún ẹni tó bá fẹ́ fèsì.

Mo tún un gbọ́ dáadáa. O ní aṣọ náà kò gbọdọ̀ jáde kúrò níbi iṣẹ́ rárá, o ti ṣe àṣìṣe, o bẹ̀ mí. Ìyẹn ti kọjá. O ní nínú yàrá ìwádìí yín, ẹ ní àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, ẹ ti tún inú wọn tò, débi pé bí wọ́n bá pàdé òjé nínú omi tàbí nínú erùpẹ̀, wọn a tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé. Mi ò ní nǹkan kan sọ sí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta, kò sí èyí tó ń tanná nínú wọn tó bá rí àbàwọ́n.

Ọ̀nà tí ẹ gbà ń bá wọn lò ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ẹ ń wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ní ó dáa, ọ̀wọ̀ ni. Ẹ kì í jẹun lójú wọn, ẹ kì í mumi, mo ní ó dáa, kí ọ̀fun má baà dá wọn tòlò. Ẹ ń fọwọ́ kí ẹ tó jáde, ẹ kì í mú nǹkan wọn lọ sílé, ìyẹn náà dáa, olóòótọ́ ni yín. Ṣùgbọ́n o ní bí iṣẹ́ bá parí, ẹ máa ń kó gbogbo wọn sínú ìkòkò kan tí a dé pinpin, ẹ ó sì fi ooru omi sè wọ́n títí kò fi ní ku ẹyọ kan láàyè. Mo wá ibì kan jókòó. Gbogbo òṣìṣẹ́! Láìsí pé ẹ ṣé o, láìsí pé ó dìgbà. O tún ní ẹ ti ṣe wọ́n kí wọ́n má lè jẹ oúnjẹ mìíràn ju èyí tí ẹ bá fún wọn, pé bí wọ́n bá jáde, ebi ni yóò pa wọ́n. Ìyẹn ni pé wọn ò lè fiṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ bá ọ̀gá mìíràn. Ta ló kọ́ yín ní irú okòwò báyìí? Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí níbi iṣẹ́, mo rò pé wọn á bá mi ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, èyí tó ń lọ aṣọ kì í súnmọ́ ìkòkò omi gbígbóná mọ́ tí mo bá wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìdí tí o sọ. O ní ẹ kò kórìíra wọn. O ní wọn ò ṣe ẹnikẹ́ni níbi, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tún inú rẹ̀ tò, tí ayé kò tíì bá gbé rí, a kì í kọ́ ọ ní ọ̀nà ilé wa. Mo gbà. Ohun tí a kò mọ ibi tó ń lọ, a kì í ṣílẹ̀kùn fún un. O wá ní ti òjé fúnra rẹ̀ ló burú jù, nítorí kòkòrò ṣeé sè kú, òjé kò ṣeé sè kú. Ibi tó bá dé, ibẹ̀ ló ń gbé. O ní eruku tó wà létí ọwọ́ aṣọ náà, erùpẹ̀ tí ẹ bù wá yẹ̀ wò ni, láti àgbàlá àwọn kan tí wọ́n ń yọ́ bátìrì mọ́tò àtijọ́. O ní kí n má jẹ́ kí Pẹ́pẹ́yẹ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn èyí, ohùn rẹ parí. Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan, fóònù dákẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gbóná, ó sì pa rọ́rọ́. Yàrá tí a ti ń lọ aṣọ kún fún ooru omi, àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun rọ̀ láti ògiri dé ògiri, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń gba inú wọn kọjá tó fi dà bíi pé inú àwọsánmà ni mo jókòó sí. Mo gbé orí lé ẹrù aṣọ, mo ní kí n kàn pajú dé. Àfi bí mo ṣe rí wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ni o. Wọ́n kéré ju eruku lọ, síbẹ̀ mo rí wọn, olúkúlùkù wọn wọ aṣọ funfun tí a ti fi táàṣì sí, ó mú fìtílà tí kò tíì tàn lọ́wọ́. Wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí omi ṣe ń rìn lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan nǹkan. Wọ́n fọwọ́ kan àga, kò tàn. Wọ́n fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù, kò tàn. Wọ́n dé ibi ìkọ́ tí bàbá rẹ máa ń fi ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, gbogbo ibẹ̀ tàn yòò. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tàn láti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bí ẹni pé ẹnìkan fi ewé tútù tẹ ilẹ̀. Abọ́ ìfọṣọ mi tàn. Ìrọ̀rí tàn. Wọ́n wá dúró, wọ́n ń wò mí bí òṣìṣẹ́ ṣe ń wo ọ̀gá tó pẹ́ kó tó débi iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn gun ìka Pẹ́pẹ́yẹ, ìka náà tàn, ọmọ fi ìka sẹ́nu, ẹnu tàn. Ó lẹ́wà, ọmọ mi. Ó lẹ́wà débi pé mò ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Nígbà tí mo lajú, Pẹ́pẹ́yẹ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ bàbá rẹ ló tẹ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, bó ṣe máa ń ṣe, torí ó ní ó ń rùn bíi bàbá àgbà. Ìka rẹ̀ wà lẹ́nu. Eruku eérú-eérú wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ìwọ ò mọ̀ nìyí o, torí bàbá rẹ ní kí a má sọ fún ọ. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, kì í ṣe pé ó ń tún bátìrì ṣe nìkan mọ́. Ó ń tú èyí tó ti kú, ó ń yọ́ òjé inú rẹ̀ lórí iná lẹ́yìn ilé, àwọn apẹja ń rà á láti so mọ́ àwọ̀n kó lè rì. Ó máa ń wọlé bẹ́ẹ̀, a máa jẹun bẹ́ẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ a gun itan rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi a sì kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti aṣọ ọmọ sínú abọ́ kan náà. Nǹkan wúwo tó sùn sísàlẹ̀ abọ́ ọjọ́ tí mo fọ aṣọ rẹ, ojúlùmọ̀ mi ni. Mo ti ń dà á nù tipẹ́. Ìwọ mọ oró rẹ̀, o ò mọ̀ pé ó wà nílé. Èmi mọ̀ pé ó wà nílé, mi ò mọ oró rẹ̀. Ìmọ̀ méjèèjì wà nínú ìdílé kan, wọn ò pàdé àfìgbà tí o gbàgbé báàgì.

Mi ò fi falẹ̀. Mo bá bàbá rẹ lẹ́yìn ilé, mo sọ ohun tí o wí àti àlá mi fún un. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé ṣé àwọn tí kò lójú tí kò lẹ́sẹ̀ ló fẹ́ wá kọ́ òun níṣẹ́, pé òjé kò tíì bá òun jà rí. Mo ní kò burú, kó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú. Ó nà án. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ dẹ̀ẹ̀ bí òdòdó tí kò rómi. Ó gbìyànjú láti gbé e, kò gbé. Àwa méjèèjì ń wo ọwọ́ náà. Ó ní àgbà ló dé. Mo ní ṣé àgbà ló dé sí Pẹ́pẹ́yẹ náà? Ó wá omi, ó pa iná.

Nọ́ọ̀sì wá, ìwádìí pátákó ló bá wá tẹ́lẹ̀. Ó wo ẹran ojú ọmọ, ó ní ó funfun jù. Ó ní ọpọlọ ọmọdé ń mu òjé bí aṣọ tuntun ṣe ń mu aró, àgbà kò tó o. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà la gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, pé ẹ̀rọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ òun, ọ̀dọ̀ yín ní ìlú ńlá ló wà, kí a má sì jáfara, pé ìtọ́jú wà fún un tí a bá tètè dé. Bó ti ń lọ, ó ní kí n má sọ pátákó mi nù. Ó ní àmì ewu àrùn ni mo yà síbẹ̀, àmì tó yẹ òjé ní tirẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa rí èyí tí kò ní sá, ibi tí mo gbé e sí ni kò dáa. Nítorí náà, ẹ̀yìnkùlé ló wà báyìí, níbi iná bàbá rẹ, ó sì dúró dáadáa níbẹ̀.

Mo ti ṣètò ilé. A ti fi tapólì bo ilẹ̀ ibẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbálẹ̀ gbígbẹ mọ́, omi la fi ń nù ún. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ láti ilé dé ilé sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi. Ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ wà nínú náílọ̀n méjì tí a so lẹ́nu, aṣọ rẹ náà wà nínú tiẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní títí a ó fi rí àwọn tó mọ̀, bàbá àgbà wà lọ́hùn-ún, ọmọ wà níhìn-ín. Pẹ́pẹ́yẹ kò sunkún. Ó kàn lọ jókòó sétí ìlà, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣọ́ọ̀kì náà, bàbá rẹ jókòó sí òdìkejì, wọ́n ń wo ara wọn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ wẹ̀ níta, ó sì fá gbogbo irun orí àti irùngbọ̀n tó ti ń dá sí láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọ, torí mo sọ fún un pé eruku ń sá pamọ́ sínú irun. Ó wọlé, orí ń dán. Pẹ́pẹ́yẹ wò ó, kò mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ó mọ̀ ọ́n, ó sì bú sẹ́rìn-ín. A ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ yìí.

Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ní àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Ó ní kí o kó wọn wá. Mo ní rárá, òfin wọn ni pé wọn kì í jáde nílé. Ó rò ó títí, ó ní nígbà náà, kí òun lọ bá wọn.

Gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń kọ sí ọ, owó ni mo máa ń fi kádìí ẹ̀. Owó kọ́ ni mò ń béèrè lónìí. Ìwọ ni mo fẹ́. Gba àyè níbi iṣẹ́, bá dókítà sọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ọmọ àti ti bàbá rẹ àti tèmi, mú ìbọ̀wọ́ gidi àti ẹni tó lè bu erùpẹ̀ wa wò bí ẹ ṣe ń bù ú, kí o sì wà nílé kí oòrùn ọjọ́ Ẹtì yìí tó wọ̀. Má fi ohùn ránṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ ni kí o fi ránṣẹ́. Ọlọ́run tó fi ìmọ̀ sí ọ lórí yóò jẹ́ kó wúlò fún ọmọ inú rẹ kó tó wúlò fún ará ìta. Ọ̀nà yóò là fún ọ, o kò ní pẹ́ dé.

Bí ọjọ́ Ẹtì bá ṣú tí mi ò rí ọ, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni èmi àti Pẹ́pẹ́yẹ ó wọ̀. Ẹnu géètì yàrá ìwádìí yín ni wàá ti bá wa, ọmọ lẹ́yìn mi, náílọ̀n méjèèjì lọ́wọ́ mi. Mi ò ní wọlé, mo ti mọ òfin yín. Màá dúró sẹ́yìn ìlà títí ẹ ó fi tanná fún wa.

Èmi ni ìyá rẹ, alágbàfọ̀.